Ìgbà Èwe Apààyàn

Àwọn ọmọdé ń kọ orin atọ̀ọ́lé náà fún ìgbà kẹta nígbà tí Démọ́lá rí i pé Abọ́dúnrìn, ẹ̀gbọ́n òun, ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tó sì ń bọ̀ níbi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí létí ọ̀sà. Ó sáré pàdé rẹ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́ bá àwọn ra epo ọkọ̀ wá ní Ajídò. Abọ́dúnrìn ní epo kún inú ọkọ̀ òun dáadáa, òun fẹ́ wòran.

Gbogbo ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ló mọ Ìgè. Nínú eré tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá, èèyàn méje ló pa kí ọwọ́ ọlọ́pàá tó tẹ̀ ẹ́, àwọn òǹwòran sì ń béèrè ohun tó sọ ọmọ èèyàn di bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìgbà èwe Ìgè, Démọ́lá ni wọ́n sì ní kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Démọ́lá ò mọ apààyàn kankan rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbẹ̀rẹ̀kò láìrí nǹkan kan kọ, àfìgbà tó mú ìgbà èwe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fi wọ Ìgè: ẹní tútù tí wọ́n máa ń gbé rù ú láràárọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò tó ń kọrin tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí kó lè jáwọ́ nínú ìtọ̀ọ́lé.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé kò ní hàn, torí Ìmẹ̀kẹ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn ó ti ya eré náà. Àfi bí Àǹtí Morìnsọ́lá, olùdarí eré, ṣe ní iyanrìn Ìwòrò ló wu òun, ìlú tí wọ́n bí Démọ́lá sí gan-an. Ó lọ háyà ọkọ̀ ní èbúté, ọkọ̀ Abọ́dúnrìn ló sì háyà.

Démọ́lá ò lè jókòó. Ó lọ bá ẹni tó di kámẹ́rà mú, kò rí ohun tó fẹ́ sọ fún un, ó tún padà. Ó ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Wọ́n gbé ẹní lé ọmọ tó ń ṣe Ìgè lórí, wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Morìnsọ́lá ní ẹkún yẹn dára, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó yà á. Ìgbà náà ni Abọ́dúnrìn fọwọ́ pe àbúrò rẹ̀ sídìí igi àgbọn kan.

"Kí ni ọmọ yẹn máa dà tó bá dàgbà?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, eré lásán ni."

"Mo bi ọ́ léèrè ni."

"Apààyàn."

Abọ́dúnrìn mi orí. Kò bínú, èyí ló sì ba Démọ́lá lẹ́rù jù. Ó ní àwọn àgbà tó rí òun létí omi yìí lọ́jọ́ tí wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ òun ṣì wà láyé, àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń wo Ìgè. Bí eré yìí bá jáde, gbogbo Ìwòrò ló máa mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ta ló máa wá gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ òun pé kí òun gbé e kọjá ọ̀sà?

"Mi ò pa ẹnikẹ́ni rí, Démọ́lá. Adìyẹ gan-an, ìyàwó mi ló ń pa á."

Démọ́lá bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á yọ ọ̀pọ̀lọ́ kúrò, òun á sọ pé ìlú mìíràn ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹnì kan kù nínú ohun tó o kọ. Ta ló dá orin lọ́jọ́ náà?"

Démọ́lá dojú kọlẹ̀. Òun ló dá a. Òun ló wà níwájú, tó ń pàtẹ́wọ́, ohùn rẹ̀ ló sì ròkè jù.

"Ẹní kan náà la jọ ń sùn," ni Abọ́dúnrìn wí. "Mo máa ń tọ̀ọ́lé, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, ṣòkòtò tèmi gbẹ nígbà tí mo sùn, ó ṣì gbẹ nígbà tí o rọra tì mí síbi tó tutù. Mo ti jí."

Láti ọjọ́ yẹn wá, Démọ́lá rò pé òun nìkan ló mọ̀. Ojú tì í.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ máa ń bà ọ́ lẹ́rù."

Abọ́dúnrìn padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Morìnsọ́lá ti ń pe àwọn òṣèré pé kí kálukú dúró sáàyè rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Démọ́lá lọ bá a, ó ní kí wọ́n má tíì yà á. Ó ní àbúrò kan wà tí òun ò kọ sí i, àbúrò náà ló tọ̀ sórí ẹní, tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀, tó sì tún dá orin lé e lórí.

Morìnsọ́lá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní èyí tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn méjèèjì wá ni Ìgè?"

Démọ́lá wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù.

"Àbúrò," ni ó wí.