Àmì Tí Mo Fi Sí Eyínfúnjowó

Nílé ìkàwé ìjọ wa ní Ọ̀mù-Àrán, èmi Eunice ni mò ń to àwọn ìwé àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe títẹ̀ lásán o. Gbogbo orúkọ ni mo máa ń fi àmì kan ṣí níwájú, tí màá fi òmíràn pa dé lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé èèyàn ni Barnabas, ìlú sì ni Òwu-Ìsin. Mo mọ iṣẹ́ náà, mo sì máa ń fi í fọ́nnu.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Sarah gun ọ̀kadà wá láti Arandun. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oyèyẹmí, olùkọ́ tó di olóògbé, tí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn ni. Òun ló tọ́ wọn dàgbà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀ títí ikú fi dé.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó bóyá ó dárúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó."

Mo tẹ Sarah. Òfo. Mo tún un tẹ̀, òfo náà ni. Àánú wọn ṣe mí bí mo ṣe sọ fún wọn pé kò sí.

Màmá dìde. "Kò burú. Ìyàwó wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Nígbà tí nǹkan dán mọ́rán pàápàá, kì í pè mí ní Sarah. Ìyàwó wo ló ń pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ? Eyínfúnjowó ló sọ mí." Wọ́n ya ẹnu, eyín mẹ́ta ló kù níbẹ̀. "Wá wo owó ẹyọ!"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Eyínfúnjowó kún inú ìwé náà bámúbámú! Èmi ni mo fi àmì èèyàn sí i, tí mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a kò mọ ẹni náà. Èmi tí mò ń pe àbúrò ọkọ mi ní Akọ̀wé láti ọdún mẹ́sàn-án! Ojú ara mi tì mí.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Mo so orúkọ méjèèjì pọ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, mo sì tún tẹ Sarah. Ìgbà mọ́kànlélógójì ló jáde. Mo ka èyí tó kẹ́yìn, ti oṣù tí olóògbé kú: "Eyínfúnjowó ò tíì wá. Mo ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́."

Màmá bú sẹ́kún.

"Mo wá lóṣù yẹn," ni wọ́n wí. "Ojú ń tì mí, mo bá gba iwájú bí àlejò. Mo kan ilẹ̀kùn títí, mo padà."