Òkúta Iyùn Tí Wọ́n Dorí Rẹ̀ Kodò

Irin ẹ̀rọ ìluhò ti kan òpin òkúta iyùn kí Ìyá Oníyẹ̀fun tó rí i: awọ gbígbẹ kan, fẹ́lẹ́ bí èékánná, níbi tí kò yẹ kó wà. Ó pa ẹ̀rọ.

Oṣù mẹ́jọ ló ti ń lu òkúta yìí di lẹ́búlẹ́bú, ìpele ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn lára rẹ̀, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí eruku. Eruku náà ló sọ ọ́ ní Ìyá Oníyẹ̀fun; ojoojúmọ́ ló ń gbé irun arúgbó jáde. Inú òkun ni iyùn ti ń dàgbà, ìpele kan lọ́dọọdún. Bí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn bá fẹ́ gidi, á ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi sókè, èròjà máńgánísì á tú jáde, iyùn á sì gbé e mì sínú ìpele ọdún náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí ìpele ọdún tó kẹ́yìn ni awọ iyùn máa ń wà, níbi tí iyùn ti ń mí nígbà tí wọ́n gé e. Òpin tí òun ń pè ní ọdún àkọ́kọ́ ló wà yìí. Òmùwẹ̀ tó gé òkúta náà fa àmì ọfà sí i lára, ó kọjú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun. Òun, Ìyá Oníyẹ̀fun, kà á sí òkè. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní ó ń le sí i, rírọ̀ ló ń rọ̀. Lọ́la ni ọ̀gá rẹ̀ yóò kéde pé ó ń le sí i níwájú àwọn àgbà onímọ̀; lọ́la náà ni wọn yóò sọ Ìyá Oníyẹ̀fun di òṣìṣẹ́ gbére. Ìyá rẹ̀ àti ọmọ méjì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó tẹ ọ̀gá láago.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti dorí òkúta yẹn kodò látìbẹ̀rẹ̀."

"Awọ yẹn lo rí, àbí?"

Òun kò tíì dárúkọ awọ kankan.

"Hà! Ọ̀gá, ẹ ti mọ̀?"

"Gbọ́, ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Lu ibẹ̀, kó o da lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ nù. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa bi ẹ́ pé ta ló kọ ọdún sí i lára?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹn-ẹ́n. O ṣeun."

Ọ̀gá ti pa fóònù. Ìyá Oníyẹ̀fun fa ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà sọ́dọ̀, ó ń wá ojú ewé kan ṣoṣo tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí. Ó ṣí i láti oṣù kìíní dé oṣù kẹjọ. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló bá; bí àṣìṣe náà bá hàn, òun nìkan ni yóò rù ú. Ó dùn ún dé egungun. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gá ń sọ pé, "Fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ẹ ni," iyì ni òun pè é. Ó tilẹ̀ fi ń yangàn fún ìyá rẹ̀ nílé.