Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Wọn

Ọjọ́bọ̀ ni mo rí àṣìṣe náà, Sátidé sì ni wọ́n fẹ́ gbé aṣọ náà kọ́ sára ògiri ní ilé ìkàwé kí àwọn èèyàn wá wò ó.

Aṣọ ìbora ni. Kúìtì ni àwọn ará ibí ń pè é. Ègé aṣọ kéékèèké la ń rán mọ́ra wọn, a ó fi òwú rírọ̀ sábẹ́ wọn, a ó tún tẹ́ aṣọ mìíràn sábẹ́ òwú yẹn, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri kí wọ́n má baà yẹ̀ kúrò lára wọn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe tèmi. Mísì Mẹ́ẹ̀lì, ará Jàmáíkà, ló ń kọ́ àwa ìyá àgbà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé gogoro wa ní àdúgbò Jane and Finch, ní Toronto. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ fẹ́ jọ pijin wa, ìyẹn ni mo ṣe ń gbọ́ ọ ju àwọn olùkọ́ yòókù lọ.

Mísì Mẹ́ẹ̀lì ní òfin lórí àṣìṣe. Ó ní bí o bá ṣì í rán, tí o tètè rí i, tú u kí ìrán mìíràn tó gba orí rẹ̀ kọjá. Àmọ́ bí o bá ti gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tán, rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kí o wò ó. Bí ojú rẹ ò bá rí àṣìṣe ọ̀hún láti ibẹ̀, fi í sílẹ̀, máa lọ jẹun. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màmá, títú lẹ fẹ́ràn ju rírán lọ." Kò purọ́. Ìwé tí mo mọ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojú mi mọ òwú tó wọ́. Síbẹ̀, mo ti ń gbọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igun kan wà lára aṣọ mi tó ṣẹ́ bí etí ajá. Mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò rí i mọ́, mo fi í sílẹ̀.

Èyí tí mo rí ní Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe irú ìyẹn.

Àárín aṣọ náà ni mo fi ìdílé mi sí. Lókè ni ẹtù ọkọ mi wà, mo gé e lára agbádá rẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo to aṣọ tí mo fi pọn àwọn ọmọ mi méjèèjì sí, tí mo tọ́jú láti Abẹ́òkúta títí dé ibí: àdìrẹ aláró ti Ìbídàpọ̀, àkọ́bí mi, àti ànkárá pupa ti Gbóyèga, àbúrò rẹ̀. Mo fi ẹ̀gbọ́n sí ọ̀tún, mo fi àbúrò sí òsì, bó ṣe yẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ kí n mọ̀ bóyá ó móoru. Ẹtù ọkọ mi wà lókè àyà mi. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Ànkárá pupa ni ọwọ́ mi bà.

Mo dìde jókòó. Nígbà tí mo ń to àwọn ègé yẹn lórí tábìlì, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ aṣọ ni mo jókòó sí, ọ̀tún ara mi ni mo sì ń lò. Ọ̀tún èmi tí mo jókòó níwájú bàbá wọn, òsì rẹ̀ ni.

Fikáyọ̀, ọmọ Gbóyèga, ń ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní pálọ̀. Mo pè é. Ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó títí.

"Grandma, it's fine. Uncle Dàpọ̀ ló wà lọ́tùn-ún yìí."

"Ọ̀tún tìẹ nìyẹn. Bí o bá lọ kí ọba láàfin, ọ̀tún ta ni ìjòyè rẹ̀ ń jókòó sí? Tìẹ tí o wá kí i, àbí ti ọba?"

Ó rò ó. "Ti ọba."

"Ẹn-ẹ́n."

"Ẹ kàn yí i po nígbà yẹn, kí orí di ẹsẹ̀."

"Kí àwọn ọmọ wá gun bàbá wọn lórí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òfin aṣọ yìí ti pọ̀ ju ti Kánádà lọ, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo pe Mísì Mẹ́ẹ̀lì lórí fóònù. Ó ní kí n má dán an wò. Bí mo bá tú àárín, mo gbọ́dọ̀ tú gbogbo gígún tó gba ibẹ̀ kọjá, àtitún un ṣe á gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì, àyè mi lára ògiri á sì di ti ẹlòmíràn. "Ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá. Ta ló máa rí i?"

Ìbídàpọ̀ ni. Òun ló máa fi mọ́tò gbé mi lọ.

Ní ọdún 1996, nígbà ìjọba sójà, àbúrò ọkọ mi tó wà ní Toronto kọ̀wé pé òun lè mú ọmọ kan lára àwọn ọmọ wa. Ọ̀kan ṣoṣo. Ìbídàpọ̀ ló kàn. Ó ti ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù pàápàá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́, Gbóyèga sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀. Mo ní ẹni tó mọ̀wé ni kó lọ. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe bàbá wọn. Ìbídàpọ̀ ló ru àpótí àbúrò rẹ̀ dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá kí òun náà tó wá, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Milton ló sì ti ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Kò sọ ọ́ sí mi rí. Èmi náà ò sọ ọ́ sí i. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo fi awò mi sójú, mo mú bíléèdì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Títí di ìrọ̀lẹ́ mi ò tíì tú ìdajì. Ìbídàpọ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣebí ọ̀la lẹ ń gbé e lọ?"

"Ọ̀la ni."

"Kí lẹ wá ń tú?"

"Mo fi ọ́ sí òsì."

Kò béèrè òsì ta ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó. "Mo ti rí i láti oṣù tó kọjá. Ọjọ́ tí mo wá bá yín tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe. Ó wà lórí tábìlì."

"O rí i, o ò wí? Mi ò tíì fi òwú sí i nígbà yẹn! Kíá ni ǹ bá ti tú u!"

"Ẹ ti rán an, Màmá. Kí ni kí n wá wí?"

Mo gbé bíléèdì sílẹ̀. "Dàpọ̀, ìrìn àjò ọjọ́sí yẹn. Ìwọ ló kàn. Èmi ni mo yí i padà. Mo ṣì í."

Ojú rẹ̀ wà lára ànkárá pupa. "Ó ti pẹ́, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Mi ò ní kí o dá mi lóhùn. Mo ní mo ṣì í."

Nígbà tó yá, ó fa aṣọ náà sọ́dọ̀, ó mú bíléèdì. "Ẹ kó ọwọ́ yín kúrò kí ẹ má lọ gé aṣọ. Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi yọ Gbóyèga kúrò níbí. Ó ti jókòó pẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èékánná tó fi ń ya téèpù lára páálí lójoojúmọ́ ló fi ń fa òwú náà, ó sì yá ju tèmi lọ.

Ní Sátidé, aṣọ olódòdó ìyá kan láti Scarborough ni wọ́n gbé kọ́ sí àyè mi. Mo jókòó sórí àga lábẹ́ rẹ̀, mo tẹ́ tèmi sórí ẹsẹ̀, mo ń rán àdìrẹ aláró mọ́ apá ọ̀tún. Àwọn èèyàn rò pé ara ìpàtẹ ni, obìnrin kan ń ya ọwọ́ mi ní fọ́tò. Gbóyèga dé pẹ̀lú Fikáyọ̀, ó tẹ̀ba wò ó.

"Màmá, wọ́n lé mi kúrò ni?"

"A dá ọ padà sí àyè ẹ ni," ni Ìbídàpọ̀ wí.

Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì lóòótọ́. Ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì hàn lára àwọn ègé méjèèjì. Mísì Mẹ́ẹ̀lì ní bí mo bá fọ̀ ọ́, púpọ̀ nínú wọn á dí. Igun tó dà bí etí ajá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án.