Najet Fẹ́ Di Irun Ọmọ Rẹ̀

Láràárọ̀, kí Rihab tó lọ sílé-ìwé, á mú òòyà dání, á sọdá sílé Màmá Beya tó wà ní òdìkejì, pé kó bá òun di irun. Ọmọ ọdún méje ni. Najet ìyá rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹ̀yìn ọmọ náà títí yóò fi wọlé.

Ó ti pé ọdún méjì tí ẹ̀rọ ìgéṣọ ti gé ọwọ́ òsì Najet já ní iléeṣẹ́ ìránṣọ kan ní ìlú Moknine. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan gbálẹ̀, ó ti ń fi ọwọ́ kan po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kì í gbégbá dórí, Najet sì ti rí i pé kì í dirun pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama méjì kanlẹ̀kùn rẹ̀: Chedly, tó ga bí ọ̀pẹ, àti Sondes, ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olùkọ́ wọn ló ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ẹni tó ní ìpèníjà ara, kí wọ́n jọ ṣe ohun tó máa mú nǹkan rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Chedly bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ máa ṣe tí ẹ ò lè ṣe báyìí?"

Ìtìjú mú Najet. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ohun tó wà lọ́kàn òun, omijé ló máa tẹ̀ lé e. Ó ní, "Kárọ́ọ̀tì. Mo fẹ́ máa bó kárọ́ọ̀tì."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé pátákó kan dé, tí ìṣó kọjá lára rẹ̀, tó ń di kárọ́ọ̀tì mú gírígírí. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Inú Chedly dùn gan-an. Najet dúpẹ́, ó se kuskus fún wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni Rihab ti sáré wọlé, irun rẹ̀ tú yányán. "Màmá, ó ti tú! Màmá Beya ò sì sí nílé!"

Najet ya irun náà. Ó pín in sí mẹ́ta, ó fi eyín di ìdá kan mú, èyí tó kù bọ́. Ó tún un mú, ó tún bọ́. Níkẹyìn, ó kàn jókòó, òòyà lọ́wọ́.

Sondes gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àǹtí, ṣé kárọ́ọ̀tì ló ń dùn yín lóòótọ́?"

Najet rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Ojú ẹ mà mú o, ọmọ yìí."

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún irun dídì náà jẹ́ igi kan tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn àga, tí irin mẹ́ta ń gbá irun mú lára rẹ̀. Rihab pariwo pé, "Ṣé ẹ fẹ́ fa orí mi tu ni?"

Chedly ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ oníná kékeré sí i, kó máa rọra fà á."

"Ẹ̀rọ? Sórí ọmọ mi? Ẹ̀rọ kan ti gba ọwọ́ mi, òmíràn ò ní gba orí ọmọ mi!"

Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Najet, ó sì fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Gbọ́, ọdún méjìlá ni mo fi ránṣọ. Òwú tó bá le jù á já, èyí tó bá dẹ̀ jù á lọ́ pọ̀. Ohun tó ń di nǹkan mú tó sì ń gbà fún un díẹ̀díẹ̀ la nílò."

Ó ní kí wọ́n bá òun kó igi kéékèèké tí a fi ń há aṣọ sórí okùn wá. Ó gé fìlà pupa àtijọ́ bàbá rẹ̀, ó ní kí Sondes lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu àwọn igi ìháṣọ náà kó lè máa di irun mú pẹ̀lẹ́, kí Chedly sì fi rọ́bà so wọ́n kọ́ sára igi gígùn kan. Kùkùté ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń ti igi gígùn náà kó má mì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n tú u palẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n tún un tò.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, Rihab jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Najet ń gbé irun láti ẹnu igi ìháṣọ kan sí òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

"Màmá, ṣó ti tán?"

"Ó kù díẹ̀."

Kò ku nǹkan kan. Ọwọ́ Najet kàn wà lórí ọmọ náà ni, kò fẹ́ gbé e kúrò.

Màmá Beya ló yọjú. "Mo retí Rihab títí." Ó wo irun náà. "Ó wọ́."

"Ó wọ́ lóòótọ́, Màmá."

Ìyá arúgbó náà jókòó wọ̀ọ̀. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti wà lókè òkun tipẹ́. Najet rí bó ṣe ń fọwọ́ nu ojú, ohun tó ń ṣe é sì yé e.

"Màmá, ọwọ́ mi ò tíì yá o. Ẹ̀yin lẹ ó máa dì í lọ́jọ́ Àìkú."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Màmá Beya fèsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. "Kó tètè wá o. Mi ò kì í dúró de ọlẹ."

Rihab pẹ́ dé ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí olùkọ́ bèèrè ìdí, ó kàn yí ẹ̀yìn orí rẹ̀ sí i. Ó fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí irun tí ìyá òun dì.