Apá Rẹ̀mí

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Rẹ̀mí ń sọ nínú ara rẹ̀ bí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń we bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá òsì, ní àárọ̀ kẹrìnlá léraléra.

"Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ, Mọ́mì, èmi lẹ ń wọ̀n," ó wí, ó sì fi ẹ̀rín bò ó.

"Ká lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Ara tó le la fi ń dán irú rẹ̀ wò. Dákẹ́, a kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń fún èèyàn lápá."

Wọ́n yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara wọn, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ kí ẹnìkejì wo ìdáhùn òun.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Felicia, ìyá ọkọ rẹ̀ yìí, àwọn náà sì ni aṣáájú àwọn obìnrin aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Inísà. Lọ́dún tó kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì wá láti Ìkìrun, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ìjọ. Ti Màmá ga. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n fún wọn ní ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ètò kan sínú fóònù wọn. Ohùn obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Yorùbá tó jinlẹ̀ ló ń sọ, ó sì mọ oríkì wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ní: "Àwẹ̀ró, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọbẹ̀ tó bá ti ní irú, ẹ dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Bí ẹ bá sì ń gbààwẹ̀ oúnjẹ, ẹ má gbààwẹ̀ oògùn."

Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Màmá jáde síwájú ìjọ, wọ́n jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti mú àìsàn náà kúrò. Ìjọ jó, ìjọ yọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Rẹ̀mí kò gbọ́ kí páálí oògùn dún mọ́ ní yàrá wọn. Lọ́jọ́ kejì ni bẹ́líìtì ẹ̀rọ kúrò lápá wọn, tó dé apá òun aboyún. Ìyẹn ló ń kọ ọ́ lóminú. Kí ni Màmá ń fi apá aboyún ṣe lárààárọ̀, tí wọ́n á sì gbé fóònù wọ yàrá, tí wọ́n á tilẹ̀kùn? Ó ti sọ ọ́ fún Adéjàre ọkọ rẹ̀ kí ìyẹn tó lọ síbi iṣẹ́ ní Òkukù.

"Mọ́mì ń tọ́jú ẹ, ìwọ ń fura sí wọn," ni Adéjàre wí.

"Ìfura loògùn àgbà," Rẹ̀mí dá a lóhùn. "Ọmọdé náà lè lò ó."

Ẹ̀rọ náà fún un lápá títí, ó tú u sílẹ̀. Àfi bí òórùn ẹ̀wà tó ń jó ṣe gba inú kíṣíìnì wá. Màmá sáré lọ, fóònù kù sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí iye tí ẹ̀rọ rí fi wọnú rẹ̀, tó sì fọhùn:

"Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀jẹ̀ yín ga púpọ̀ lónìí. Tòkè jẹ́ méjìdínláàádọ́sàn-án, tìsàlẹ̀ jẹ́ àádọ́fà. A ti fi tó nọ́ọ̀sì létí."

Rẹ̀mí kò mọ iye tó ń jẹ́ àádọ́fà. Ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀: 168, 110. Ó wo apá rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó ti wú débi pé sálúbàtà Adéjàre nìkan ló ń gbà á.

Màmá padà wọlé, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Fóònù yín ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yín ga. Apá mi ló sì wà nínú bẹ́líìtì, Mọ́mì."

Màmá wo fóònù, wọ́n wo Rẹ̀mí, ojú wọn sì yí padà. "Ìwọ àti nọ́ọ̀sì yẹn lẹ jọ pète èyí. Mo ti ń fura sí ọ tipẹ́. Ẹ fẹ́ fi ẹ̀rù lé mi padà sídìí oògùn."

"Èmi tí mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀? Ẹ má bínú mà, apá mi lẹ fi ń gbé ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ró."

Màmá jókòó wọ̀ọ̀. "Kí ni kí n ṣe? Kí n dúró níwájú pẹpẹ, kí n ní Ọlọ́run ti wò mí sàn, kí n tún wálé wá máa gbé oògùn mì? Kí ni n ó wá pe ara mi? Bí mi ò bá sì wọn nǹkan kan, àwọn nọ́ọ̀sì á máa pè mí, wọ́n á wá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tìrẹ kì í ga. Mo rò pé kò léwu."

"Orí ti ń fọ́ mi láti ọjọ́ mẹ́ta."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì Bọ́lánlé ni, láti Ìkìrun. Màmá tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Iye tó wọlé látọ̀dọ̀ yín ò dáa rárá. Báwo lara yín?"

"Ara mi le, mo dúpẹ́," ni Màmá wí, bí wọ́n ti máa ń wí i.

Rẹ̀mí mọ̀ pé bí Màmá bá fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, ó parí. Ilé àdúrà ni wọn yóò mú òun lọ, wọn yóò gbàdúrà sí omi fún òun mu, ẹ̀rí wọn yóò sì dúró. Ó di ọwọ́ àga mú. Kò bẹ̀ wọ́n.

Ojú Màmá kúrò lójú rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi ikùn, ó dé ibi ẹsẹ̀ tó wú, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀, "kì í ṣe apá mi lẹ rí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, apá ìyàwó ọmọ mi ni. Ó lóyún oṣù méje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ síbì kankan, ẹ dúró dè wá."