Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ta Bàbá Téèpù

Ọjọ́ tí wọ́n ri pátákó ńlá mọ́ pápá ẹ̀yìn àdúgbò, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọgọ́ta ilé ń bọ̀ níbẹ̀, Bàbá Téèpù ò lè jẹun àárọ̀. Aránṣọ ni. Ọdún kejìlélógójì rẹ̀ nìyí nídìí ẹ̀rọ, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá ń wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ìyẹn gan-an ò dá òun lójú.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kọ lẹ́tà sí káńsù. Ẹ̀hónú mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀: omi ẹ̀rọ ò ní tó, ọkọ̀ á pọ̀, ariwo á pọ̀, àwọn ẹyẹ ò ní rí igi bà lé. Kí ló kan aránṣọ kan ẹyẹ? Ẹ̀hónú kẹtàdínlógún lọ̀rọ̀ wà: ilé alájà mẹ́ta tó wà lára ọgọ́ta náà yóò dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́ gbogbo mùtúmùwà.

“Gbogbo mùtúmùwà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “ń jẹ́ fèrèsé yín.”

Òótọ́ ni. Ojú Bàbá Téèpù ti ń ṣú. Ìdí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé nìkan ló ti lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, níbi tí oòrùn ti ń gba orí pápá wọlé wá bá a. Bí wọ́n bá dí i, aránṣọ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́, kí ló kù tí yóò máa ṣe? Ẹ̀rù ń bà á gidi, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ló bá fi ẹyẹ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ìyá Tíṣà, alága àdúgbò, fi bíírò pupa tún lẹ́tà náà ṣe kó tó fọwọ́ sí i, ó sì fún un ní máàkì mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Agẹrun àdúgbò pàápàá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ló lò.

“Kí ló dé tó o fi mú pẹ́ńsù?”

“Bàbá, ọgọ́ta ilé! Ẹ fojú bù ú, orí mélòó ló ń bọ̀ wá gẹrun níbẹ̀ yẹn? Ẹ jẹ́ n ṣì máa rò ó ná.”

Ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà ló dùn mọ́ Bàbá Téèpù jù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á sókè: “Kí káńsù wá wọn ilẹ̀ náà dé íǹṣì tó gbẹ̀yìn, kí ayé lè mọ ẹni tó ń jẹ ilẹ̀ onílẹ̀.”

Káńsù gbọ́. Wọ́n rán sọ̀fíyọ̀ wá, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta léjìká. Gbogbo àdúgbò jáde. Bàbá Téèpù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fi téèpù tirẹ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Obìnrin náà wo inú awò, ó wo pépà, ó tún wo inú awò. Ló bá wọ ẹ̀yìnkùlé Bàbá Téèpù, ó gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó sì kan èèkàn kọnkéré àtijọ́ kan.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ibí ni ilẹ̀ yín parí sí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ fi wọnú pápá.” Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. “Ilé kejì náà. Ìkẹta náà. Gbogbo ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wà ní ìlà yìí.”

Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́.” Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń pariwo olè ló jókòó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ilé ìdáná Ìyá Tíṣà wà níbẹ̀, balùwẹ̀ agẹrun wà níbẹ̀, ìdajì ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà wà níbẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ náà yé Bàbá Téèpù. Aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í gé aṣọ kó ṣe gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ara. Yóò fi àyè díẹ̀ sínú rírán, kó lè tú u tí ara aláṣọ bá sanra. Òun ló kọ́kọ́ kọ́lé ní ìlà náà lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, òun ló sì sọ fún bíríkìlà pé kó sún ògiri kọjá èèkàn: “Fi àyè sílẹ̀. Ìdílé lè sanra.” Nígbà tí àwọn ará yòókù dé, ta ni wọ́n á pè wá bá wọn wọnlẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ní téèpù? Igun ògiri tirẹ̀ ló ti ta okùn lọ títí dé ilé kọkànlá, kò sì wọ́ níbì kan.

Nípàdé ọjọ́ Sátidé, ní pálọ̀ Ìyá Tíṣà, wọ́n di ẹ̀bi ru bíríkìlà tó ti kú, wọ́n di í ru káńsù. Agẹrun ní òjò ló wọ́ èèkàn. Bàbá Téèpù ì bá panu mọ́. Ó dìde.

“Òjò kọ́. Èmi ni. Mo fi àyè sílẹ̀ bí ẹni ń ránṣọ, ìwọ̀n yẹn náà ni mo sì fi bá gbogbo yín wọn tiyín. Ẹ foríjì mí.”

Ìyá Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dáná nínú àṣìṣe yìí,” ó ní, “kò sì tíì jóná rí.”

Ẹ̀rín bú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò ní kí wọ́n má wó ilé ìdáná.

Lọ́sẹ̀ kejì, sọ̀fíyọ̀ wá jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn akọ́lé rán an. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yẹn sílẹ̀ fún àdúgbò, bí àdúgbò bá gbà kí ilé alájà mẹ́ta dúró síbi tí wọ́n yà á sí. Bàbá Téèpù tẹ́ àwòrán náà, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Iwájú fèrèsé rẹ̀ gan-an ni. Gbogbo ojú ń wò ó, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́.

“Ilé ìdáná Ìyá Tíṣà ńkọ́?”

“Wọn ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Balùwẹ̀ agẹrun?”

“Òun náà, Bàbá.”

Bíírò ni Bàbá Téèpù mú, kì í ṣe pẹ́ńsù. “Ẹ bá mi pa ẹ̀hónú kẹtàdínlógún rẹ́,” ó ní. “Ti ẹyẹ yẹn, ẹ fi sílẹ̀.”

Ilé náà dìde lóòótọ́, fèrèsé sì ṣú lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó rẹ̀ àti agẹrun bá a gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́ kiri nígbà tí Ìyá Tíṣà ń kọjá. Ó gba abẹ́rẹ́, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó ki òwú bọ mẹ́ta sí i, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù, ó bá tirẹ̀ lọ. Agẹrun náà yà. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yà. Nígbà tó fi dọ̀sán, abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ló ti lówú lójú, títí kan àwọ̀ òwú tí kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ rẹ̀ wá. Bàbá Téèpù ní eruku ló kó sí òun lójú.

Oníbàárà àkọ́kọ́ láti ilé alájà mẹ́ta gbé aṣọ ṣòkòtò wá, ọkùnrin oníkùn ńlá báyìí ni. Bàbá Téèpù wọ̀n ọ́n yí ká.

“Ṣé ẹ fi àyè sílẹ̀?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í láti inú ilé.

“Íǹṣì kan péré,” ni Bàbá Téèpù dáhùn. “Mo sì ti kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.”