Èyí Tó Lára

Olúwọlé ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n yára, ṣùgbọ́n Florence dúró láàárín àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, kò mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ gbé.

Epo pupa tí wọ́n ń sè nínú àgbá ní ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ló hó kọjá ẹnu, ó ṣàn sínú iná, gbogbo rẹ̀ sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ́rìnsọ́lá ló sún mọ́ ọn jù. Títílọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wọ inú iná lọ fà á jáde. Kí àwọn ará ẹbu tó fi aṣọ tútù bò wọ́n, iná ti bó àwọn méjèèjì láti àyà dé itan.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù ní ìlú Ọ̀run láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn yòókù ti kó èrò lọ sọ́jà. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbà ju ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ lọ. Ta ni yóò sì gbé ẹni tí awọ ara rẹ̀ ń ṣí sórí ọ̀kadà?

"Ìyá Títí, ẹ mú ọ̀kan!" Olúwọlé kígbe. "Màá padà wá gbé èkejì."

Florence wo Ọmọ́rìnsọ́lá. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta; láti kékeré ni ibà ti ń fi í ṣeré. Ó wo Títílọlá, tí gbogbo Ọ̀run ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá jókòó sórí bẹ́ńṣì, kí ẹni tó wà lópin kejì di ara rẹ̀ mú. Èyí lẹ́ran lára. Iná á rí nǹkan jẹ kó tó kan ẹ̀mí. Ohun tí gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ń rò nìyẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Títílọlá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. "Màmi, ẹ gbé Ọmọ́rìn lọ ulé ìwòsàn. Èmi lára. Èmi á dúró."

Wọ́n gbé Ọmọ́rìnsọ́lá lọ. Florence dúró ti èkejì lábẹ́ páànù ẹbu fún wákàtí méjì, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń gbàdúrà. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà ṣáá. Nígbà tó yá, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un nínú oòrùn gangan. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e sínú ọkọ̀ nígbà tí Olúwọlé padà dé, Títílọlá sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máà bínú, òun wúwo.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì wá iṣan lápá rẹ̀ títí, wọ́n wá a lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n lè ki abẹ́rẹ́ omi bọ̀. Dókítà Adébọ́lá pe Florence sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀yin mà, omi tó ń sọnù lára rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń dákẹ́. Mímí pàápàá nira fún un."

"Ṣùgbọ́n ó lára, Dókítà."

Dókítà náà wolẹ̀. "Àwọn tó bá sanra tó báyìí, mà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná máa ń le fún wọn ju àwọn yòókù lọ."

Florence jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ló yàn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi yàn.

Títílọlá kú kí oòrùn tó wọ̀.

Nínú yàrá kejì, Ọmọ́rìnsọ́lá lajú. "Màmi, Títí ńkọ́?"

"Sinmi ná."

Florence jókòó tì í. Títí ló ń ru igi tó wúwo. Títí ló ń fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò. Bí ibùsùn kò bá tó, Títí ló ń sùn sílẹ̀, torí ó lára. Ìyá wá ọjọ́ kan ṣoṣo, láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí òun bi ọmọ náà bóyá ó rẹ̀ ẹ́, bóyá ibì kan ń dùn ún. Ó ronú títí, kò rántí ọ̀kan.